Ohun Tó Kù Nínú Ife

Ìyá Káfíńtà gbé ọmọ lé itan, ó fi apá òsì há orí rẹ̀ mọ́ àyà, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ife lọ sí ẹnu rẹ̀. Ọmọ pa ẹnu dé pinpin. Omi ṣàn gba àgbọ̀n rẹ̀ wọ ọrùn.

"Bàbá mi, mu ún. Ṣé olè ni mí ni, tí o fi ń fojú yẹn wò mí?"

Ọmọ yí ojú sí ògiri. Kò tíì mọ ọ̀rọ̀ kankan sọ, àmọ́ ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí. Róbótó ni wọ́n ń pè é, torí pé gbogbo ara rẹ̀ ló ki, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú. Ó ti ń rákò, ó ti ń di àga mú dìde, kò tíì rìn.

Ìyá rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ló ń ṣe, Alágbàfọ̀ sì ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Iwájú bùláòsì rẹ̀ ti tutù lápá méjèèjì. Bí ọmọ bá ti ké báyìí, omi ọmú á máa tú jáde, kò ní dúró kí ẹnikẹ́ni pè é.

Róbótó gbóòórùn rẹ̀. Ó yíjú kúrò lára ògiri, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i, ó sì figbe ta.

"Ẹ ò rí nǹkan!" Ìyá Káfíńtà gbé ife kalẹ̀ gbàgà. "Ìyàwó, mo ní kí o máa lọ. O wá dúró síbẹ̀ bí ẹni ń polówó ọjà. Ta ló máa rí ọmú tó máa lóun fẹ́ mu omi lásán?"

"Mo fẹ́ rí i pé ó mu díẹ̀ kí n tó lọ ni, Màmá."

"Á mu. Ọkọ tí o fẹ́ yẹn, ta ló fún un lómi tó fi dàgbà? Máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ jàre."

Alágbàfọ̀ lọ. Ó ń gbọ́ ẹkún ọmọ náà títí ó fi dé ojú títì.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àárẹ̀ kan mú Alágbàfọ̀, kò sì lọ. Ó rò pé iṣẹ́ ni. Ẹni tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, tó tún ń fọ aṣọ ibùsùn fún gbogbo ayé, kí ló fẹ́ pe àárẹ̀? Ìgbà tí ojú àpá dúdú wá ń yọ sí i lára láìjẹ́ pé nǹkan kan gbá a, ó lọ sí ọsibítù. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n tún fa òmíràn. Dókítà ní jẹjẹrẹ ni, inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Ó ní oògùn rẹ̀ wà, hóró kan lójúmọ́, kò sì gbọ́dọ̀ fo ọjọ́ kankan. Bó bá ń lò ó dáadáa, ó lè pẹ́ láyé. Bí kò bá lò ó, kò ní pẹ́.

Lẹ́yìn náà ni dókítà wá wo ọmọ tó ń mu ọmú lọ́wọ́ lórí itan rẹ̀.

"Èyí ti parí," ó ní. "Oògùn yìí máa ń bọ́ sínú omi ọmú. Láti òní lọ, ẹ má fún un mọ́."

"Ṣé n ò lè máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ ni, dókítà?"

"Rárá, ìyá. Ẹ máa fún un lómi, ẹ máa fún un ní mílíìkì, ohunkóhun tó bá ṣáà ti lè mu. Ìlédìí rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Bí ọmọ bá ń mu, á máa tọ̀. Bí ìlédìí bá ti ń gbẹ, ẹ tètè gbé e wá."

Nígbà tó délé, ó sọ ọ̀rọ̀ ìlédìí yẹn fún ọkọ rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbàgbé rẹ̀ nínú wọn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti wá.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ burú. Róbótó ò gba ife, kò gba fídà, kò gba ṣíbí. Wọ́n fún un ní mílíìkì, ó tu ú. Wọ́n fún un lómi ọsàn, ó tu ú. Ó gé orí fídà jẹ, ó wá fi sọ̀kò sábẹ́ ibùsùn. Alágbàfọ̀ gbé e, ọmọ ń fa bùláòsì rẹ̀ bí ẹni fẹ́ ya á, òun náà ń sunkún. Ọjọ́ kejì ò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Alágbàfọ̀ mú páálí oògùn rẹ̀ kúrò lórí àpótí.

"Bí ọmọ yìí ò bá mu omi," ó sọ fún ọkọ rẹ̀, "màá da oògùn yìí sí ṣáláńgá, màá sì fún un lọ́mú. N ò ní jókòó kí n máa wò ó kí òùngbẹ pa á, kí èmi gbé ọmú méjì sáyà."

"Má sọ bẹ́ẹ̀," Káfíńtà ní.

"Mo ti sọ ọ́."

Kì í ṣe ẹnu lásán ló fi sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìnkùlé, mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Káfíńtà gbé ètò tuntun kalẹ̀. Ilé wọn ò tóbi. Ìsọ̀ Káfíńtà wà níwájú, ó kún fún pákó àti lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń gé sílẹ̀. Yàrá kan wà lẹ́yìn ìsọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ní ẹ̀rọ omi kan àti okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ìyá Káfíńtà ló máa fún ọmọ lómi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nínú yàrá. Káfíńtà ló máa fún un lọ́sàn-án, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ lè na ẹ̀yìn. Alágbàfọ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibi tí ife bá wà, nítorí òórùn ọmú. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, inú ìsọ̀ ni kó jókòó sí títí ọmọ á fi sùn, kó máa ká ìlédìí tó bá ti gbẹ. Fífọ̀ wọn kò kàn án mọ́.

"Ò ń fọṣọ níbi iṣẹ́, o tún fẹ́ máa fọ̀ nílé," ìyá ọkọ rẹ̀ ní. "Ṣé ọṣẹ ló bí ẹ ni? Jókòó jẹ́ẹ́. Ara ẹ ò yá."

Alágbàfọ̀ rò pé àánú ló ń ṣe é. Àánú náà ni lóòótọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Ohun tí wọ́n sọ fún un nìyẹn. Bó bá ti wọlé nírọ̀lẹ́, ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè kò ju ọ̀kan lọ.

"Ó mu?"

"Ó mu tán!" Ìyá Káfíńtà á dojú ife dé kó lè rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Káfíńtà náà á gbé ife ọ̀sán wá láti ìdí tábìlì rẹ̀, òfìfo. "Ó kọ́kọ́ ṣagídí, àmọ́ ó mu ún."

Alágbàfọ̀ á wá gba ẹ̀yìnkùlé lọ wo okùn. Ìlédìí kún orí rẹ̀ láti ògiri dé ògiri, omi ń kán tótó lára wọn. Á wò wọ́n bí ẹlòmíràn ṣe ń wo ọmọ rẹ̀ tó gba ipò kìíní níléèwé. Lẹ́yìn náà á padà sínú ìsọ̀, á sì gbé hóró oògùn rẹ̀ mì.

Ìgbà tí ọmọ bá ti sùn nìkan ló ń rí i, tí aṣọ ti bò ó dé ọrùn. Ó rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń fà. Ó ní bóyá bí ọmọ tó já lẹ́nu ọmú ṣe máa ń rí nìyẹn. Ó rí i pé ẹkún rẹ̀ ti dín kù. Ìyá Káfíńtà ní ó ti ń gbàgbé ọmú ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Alágbàfọ̀ díẹ̀, ó sì tún dùn mọ́ ọn nínú.

Níbi iṣẹ́, aṣọ ibùsùn ilé ìtura mélòó kan ni wọ́n ń fọ̀, pẹ̀lú ti ọsibítù kan. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Láàárọ̀, Alágbàfọ̀ á máa ya aṣọ tó dọ̀tí sọ́tọ̀: èyí tí ẹ̀jẹ̀ kàn, èyí tí ìtọ̀ kàn, èyí tí omi lásán dà sí, torí pé bí wọ́n ṣe ń fọ ọ̀kan yàtọ̀ sí òmíràn. Àtàǹpàkò àti ìka ló fi ń ra á. Aṣọ tí ìtọ̀ bá wà lára rẹ̀ máa ń yọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ á sì tètè kọlu imú. Omi lásán kì í ṣe nǹkan kan. Bó bá di ọ̀sán, á bọ́ sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń ká aṣọ tó gbẹ. Ibẹ̀, ẹ̀yìn ọwọ́ ló ń lò. Ọṣẹ ti sọ àtẹ́lẹwọ́ wọn di líle, ó lè ní aṣọ gbẹ kó má tíì gbẹ. Ẹ̀yìn ọwọ́ kì í tan èèyàn.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù, obìnrin gíga kan tó ń lọṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wo àyà rẹ̀.

"Ìwọ yìí, o tún ti rin gbingbin. Ṣé ẹ̀rọ wa ò fọṣọ dáadáa mọ́ ni, tí o fi ń fọ tìẹ mọ́ra?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ o."

"Sún mọ́ bí." Ó fa aṣọ ibùsùn àlòkù kan ya lóròó, ó sì fi di àyà Alágbàfọ̀ lábẹ́ bùláòsì, ó dì í títí Alágbàfọ̀ fi ní ó tó. "Bí wọ́n ṣe ń dì í nìyẹn. Á gbẹ fúnra ẹ̀. Ọmọ ńkọ́?"

"Ó ń mu. Wọ́n ní ó ń mu tán."

"Ṣé o rí i tó ń mu ún?"

"Bó bá rí mi, kò ní mu. Àmọ́ okùn kún fún ìlédìí. Ọmọ tí kò mu omi, kí ló máa fi tọ̀?"

"Òótọ́ ni." Ìyá Áyọ́ọ̀nù gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀. "Èmi kàn ní ọmọ tìẹ gbọ́n ni. Tèmi bá mi jà fún odidi oṣù kan. Ó gé mi níka jẹ, àpá ẹ̀ rèé. Ó ti níyàwó báyìí, kò tíì bẹ̀ mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí Alágbàfọ̀ ti rẹ́rìn-ín mọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn náà ni iná lọ. Ẹ̀rọ dákẹ́ tòun taṣọ nínú. Ọ̀gá wọn dúró títí, iná ò dé, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Alágbàfọ̀ dé iwájú ilé, kò ríbi gbà. Kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan tí Káfíńtà ń kùn ló dí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀, ọ̀dà rẹ̀ ò sì tíì gbẹ. Ó ń gbọ́ bí búrọ́ọ̀ṣì ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù náà. Kò pe ọkọ rẹ̀. Ó gba ẹ̀yìnkùlé.

Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Báàkẹ́tì ìlédìí wà lábẹ́ ẹ̀rọ omi, ìyá ọkọ rẹ̀ ò tíì fọ̀ wọ́n. Ó ní kí òun bá a fọ̀ ọ́ kó tó mọ̀ pé òun ti dé. Ó ká apá aṣọ sókè, ó tẹ̀ síwájú, ó fa ọ̀kan jáde.

Ó ra á láàárín àtàǹpàkò àti ìka, torí pé ó ti mọ́ ọn lára. Kò yọ̀. Ó gbé e sí imú. Kò rùn.

Ó fa òmíràn. Ìyẹn burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé ó ṣì wà ní kíká. Òun ló ká a lánàá, bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ níbi iṣẹ́: ìdá mẹ́ta, kí etí rẹ̀ wọnú. Ojú ibi tó ti ṣẹ́ ẹ kò tíì parẹ́. Ìlédìí tí ọmọ bá ti jókòó lé kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ti mú un látinú àpótí, ó sì tì í bọ omi.

Ó fa gbogbo wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Omi lásán ni gbogbo wọn.

Nínú yàrá, Róbótó wà lórí ibùsùn. Ìyá Káfíńtà jókòó tì í, ó ń fi páálí fẹ́ ẹ. Nígbà tó rí Alágbàfọ̀, páálí náà dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé iná lọ ni?" ó béèrè.

Ọmọ ni Alágbàfọ̀ ń wò. Ọmọ gbóòórùn rẹ̀, kò sí bí kò ṣe ní gbóòórùn rẹ̀, àmọ́ kò na ọwọ́. Kò ké. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Ètè rẹ̀ ti là. Alágbàfọ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí, níbi tí àwùjẹ wà, ìka rẹ̀ sì bọ́ sí kòtò.

"Màmá, ìgbà wo ló tọ̀ gbẹ̀yìn?"

"Ó tọ̀ lánàá."

"Màmá."

"Ó tọ̀ lánàá, mo fi Ọlọ́run búra! Díẹ̀ ni. Ó pọ́n bíi tíì."

"Àwọn tó wà nínú báàkẹ́tì ńkọ́?"

Ìyá Káfíńtà gbé páálí sórí itan, ó ń tún etí rẹ̀ ṣe. "Mo kàn fi omi rẹ wọ́n ni."

Káfíńtà ti gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀. Ó gba ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ wọlé pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

"Ìwọ ńkọ́?" Alágbàfọ̀ bi í. "Omi ọ̀sán tí o ní ó ń mu tán, ibo lò ń dà á sí?"

Ọ̀dà ń kán láti ara búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

"Sínú lẹ́búlẹ́bú," ó ní.

"Gbogbo ẹ̀?" Ìyá rẹ̀ ló béèrè. Ó ti dìde. "Gbogbo ẹ̀ lò ń dà nù? O sọ fún mi pé ó ń mu lọ́dọ̀ ẹ! Mo ní kò burú, bí kò bá gba tèmi, ó ń gba ti bàbá ẹ̀!"

"Ẹ̀yin náà sọ fún mi pé ó ń mu láàárọ̀. Mo sì rí ìlédìí lórí okùn."

"Èmi ni mò ń rẹ ìlédìí!"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

"Ìwọ ló yẹ kó mọ̀! Ṣé o ò rí bí ọmọ ṣe ń gbẹ ni?"

"Ẹ̀yin rí i, kí lẹ ṣe?"

Ọmọ tí wọ́n ń torí rẹ̀ pariwo ò tilẹ̀ yíjú.

"Ẹ sọ fún mi, kí ló fa èyí?" Alágbàfọ̀ ní.

Káfíńtà wá ibi tó máa gbé búrọ́ọ̀ṣì sí, kò rí. "O ní wàá da oògùn nù. O mú páálí yẹn dání, mo sì mọ̀ pé wàá ṣe é. Mo rò ó pé bí mo bá sọ fún ẹ, ìwọ lo máa kú. Bí mo bá dákẹ́, mo ṣáà rò pé á mu lọ́la. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ó di ọ̀la."

"Èmi náà," ìyá rẹ̀ ní. Ohùn rẹ̀ ò tó nǹkan mọ́.

Alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n sì gbà á gbọ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe láti ọjọ́ yẹn ni pé wọ́n ń dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ọmọ sì ń gbẹ lọ níṣojú wọn.

Ó jókòó sórí ibùsùn, ó ṣí bọ́tìnnì, ó sì tú aṣọ tí Ìyá Áyọ́ọ̀nù fi dì í láyà. Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Ìyá Káfíńtà kọ ẹ̀yìn sí wọn. Alágbàfọ̀ gbé ọmọ, ó fi orí ọmú kàn án lẹ́nu. Omi ọmú ń kán fúnra rẹ̀. Ó kán sí ètè ọmọ, ó kán sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ṣàn wọ inú etí. Róbótó wò ó. Ó mi ẹnu lẹ́ẹ̀kan. Kò fà á. Kò ní agbára tó máa fi fà á mọ́. Ó rọra yí ojú sí ògiri, bó ṣe máa ń yí i bí wọ́n bá gbé ife dé.

"Gbé e," Alágbàfọ̀ sọ fún ọkọ rẹ̀. "Jẹ́ ká lọ."

Ọsibítù ò jìnnà. Káfíńtà gbé ọmọ sáré, ọ̀dà ọwọ́ rẹ̀ ń ra mọ́ ọmọ láṣọ. Alágbàfọ̀ ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń de bọ́tìnnì lọ. Ìyá Káfíńtà ò lè sáré. Ó ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú àpò ìlédìí, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé pé ọmọ ọmọ òun ni wọ́n gbé lọ yẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n sanra, ó sì ń sọ̀rọ̀ kíákíá. Ó fi ìka méjì fa awọ ikùn ọmọ sókè. Awọ náà dúró bẹ́ẹ̀, kò tètè padà. Nọ́ọ̀sì gbé omi tí wọ́n ń fà sí èèyàn lára wá, ó wá iṣan lẹ́yìn ọwọ́ ọmọ, kò rí. Ó wá a lẹ́sẹ̀, kò rí. Ó fá irun ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, abẹ́rẹ́ wọlé, ẹ̀jẹ̀ ò wá. Abẹ́rẹ́ ń gún Róbótó, kò ké.

"Iṣan ẹ̀ ti sá wọnú," nọ́ọ̀sì ní. "Ìgbà wo ni kò ti mu omi?"

"Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan," Alágbàfọ̀ ní.

"Ọjọ́ mélòó kan! Ibo lẹ wà?"

"Mo wà níbi iṣẹ́."

"Ẹ sì ní omi ọmú, mò ń wò ó lára aṣọ yín. Kí ló dé tí ẹ ò fún un?"

Alágbàfọ̀ sọ orúkọ oògùn náà fún un. Nọ́ọ̀sì fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ó ti rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ má fún un o."

"Mo ti fún un. Kò gbà á."

Nọ́ọ̀sì ní dókítà kan wà tó mọ bí wọ́n ṣe ń rí iṣan irú àwọn ọmọ báyìí, àmọ́ ó wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, ikùn ẹlòmíràn ló wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí i. Òun kò mọ ìgbà tó máa jáde. Ó po omi iyọ̀ àti ṣúgà sínú ife, ó fi ṣíbí kékeré sí i.

"Ẹ máa kán an sí i lẹ́nu. Díẹ̀díẹ̀. Bó bá tu ú, ẹ tún fún un. Ẹ má dáwọ́ dúró."

Káfíńtà ló kọ́kọ́ gba ṣíbí. Ó ń kán an, omi náà ń gba apá kan ẹnu ọmọ wọlé, ó ń gba apá kejì jáde. Alágbàfọ̀ mú ìlédìí mímọ́ kan, ó ti igun rẹ̀ bọ ife, ó sì fi sí ọmọ láàárín ètè. Ahọ́n Róbótó mì. Ó fa aṣọ náà. Ó tún fà á.

"Ó ń fà á," Káfíńtà ní. "Ó ń fà á! Nọ́ọ̀sì!"

Nọ́ọ̀sì wá wò ó. Aṣọ wà lẹ́nu ọmọ, ọmọ ò fà á mọ́.

"Ìyẹn ò tó," ó ní. "Ẹ má fi sílẹ̀ ṣá."

Wọn ò fi sílẹ̀. Oòrùn kúrò lójú fèrèsé. Wọ́n ń kán omi, wọ́n ń nu àgbọ̀n, wọ́n tún ń kán an. Dókítà ò tíì jáde.

Ìyá Káfíńtà wà lórí bẹ́ǹṣì níta, àpò ìlédìí wà lórí itan rẹ̀. Kò wọlé látìgbà tó ti dé. Nígbà tí ojú ọ̀run wá ń ṣú, ó yọjú sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó," ó ní. "Ṣé ó ti tọ̀?"

Alágbàfọ̀ ki ọwọ́ sábẹ́ ọmọ, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìlédìí. Ó gbẹ bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ẹ̀rọ jáde.

Ó wo ìyá arúgbó náà. Ìgbàgbé ti mú un, sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí wọ́n bá sọ fún un pé ọmọ ti tọ̀, á lè jókòó, á lè mí. Ọ̀rọ̀ náà ò pọ̀. Ó ti wà lẹ́nu Alágbàfọ̀. Ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé kò ṣòro fún wọn rárá láti máa sọ ọ́ fún òun lójoojúmọ́.

"Kò tọ̀, Màmá," ó ní. "Ó gbẹ."

Ìyá Káfíńtà di ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ wọlé wá. Ẹ wá gba ṣíbí lọ́wọ́ ọmọ yín, ó ti rẹ̀ ẹ́."

"Ìyàwó, ṣé èmi ni kí n tún...?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ máa kán an sí i. Èyí tó bá mu, ó mu ún. Èyí tó bá kù, kó kù níbẹ̀ kí n rí i."

Ìyá Káfíńtà jókòó, ó gbé orí ọmọ lé apá. "Bàbá mi, mu ún," ó ní. Kò fi àwàdà kankan tì í lọ́tẹ̀ yìí. Omi wọlé, omi jáde. Ó nu ún, ó tún bù ú.

Nọ́ọ̀sì padà wá, ó béèrè pé mélòó ló ti mu. Ìyá Káfíńtà la ẹnu, ó tún pa á dé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo inú ife. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún bí wọ́n ṣe gbé e fún wọn.

Alágbàfọ̀ gbé e sókè síbi tí iná wà, kí nọ́ọ̀sì lè rí i dáadáa.